Ìdí tí ímeèlì ìpolówó fi ń bọ́ sínú spam, àti bí yóò ṣe dé inbox

Ẹ fi ímeèlì ìpolówó ránṣẹ́ sí 10,000 ènìyàn. Ìkànnì tí ẹ fi ránṣẹ́ sọ fún yín pé 99% ti jíṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn tó tẹ líǹkì kò pé mẹ́wàá, ẹni tó sì ra ọjà kò sí rárá. Ọ̀rọ̀ náà “ti jíṣẹ́” ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Gbogbo ohun tó ń sọ ni pé server (kọ̀ǹpútà tó ń gba ímeèlì wọlé) tó wà lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ kọ̀wé sí kò dá ìwé náà padà. Bóyá inbox ló gbé e sí o, bóyá inú spam, àpótí ìwé tí wọ́n fura sí, ló jù ú sí o, kò ní sọ fún yín.

Ẹnu ọ̀nà méjì ni ímeèlì ń gbà kọjá. Ní àkọ́kọ́, server yín á kan ilẹ̀kùn server kejì, á kí i, á sọ àdírẹ́sì tí ìwé ti wá, á sọ àdírẹ́sì tó ń lọ, lẹ́yìn náà ni yóò wá gbé ìwé kalẹ̀. Nọ́ńbà ni server kejì fi ń dáhùn. Bó bá ní 250, ó ti gbà á. Bí èsì rẹ̀ bá fi 4 bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé kí ẹ ṣì padà wá tó bá ṣe díẹ̀. Bó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀, ó kọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yìn ìgbà tí 250 bá ti jáde ni ẹnu ọ̀nà kejì: ilé-iṣẹ́ tó ni àpótí ímeèlì náà, Gmail ni o, Yahoo ni o, Outlook ni o, á wá pinnu ibi tí yóò gbé ìwé sí. Ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀ pọ̀, àmọ́ ìbéèrè méjì ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹni tó ní òun kọ ìwé yìí ló kọ ọ́ lóòótọ́? Ṣé àwọn tó ń gba ìwé rẹ̀ ń fẹ́ ẹ? Ẹni tó bá yege ní ti àkọ́kọ́, tó wá kùnà ní ti èkejì, inú spam náà ni yóò máa bọ́ sí.

Ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́

Nígbà tí wọ́n kọ SMTP, ìlànà tí ímeèlì ń bá rìn, lọ́dún 1982, àwọn tó ń lò ó kò pọ̀, wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Kò sí ohun kan nínú ìlànà náà tó ń dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kọ orúkọ ẹlòmíràn sórí ìwé tirẹ̀. SPF, DKIM àti DMARC tí à ń gbọ́ lónìí, àtúnṣe tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn-ọ̀rẹyìn ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa kọ sínú DNS domain yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbangba tí server yòówù lè kà nípa orúkọ ìkànnì yín. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ ti ra domain náà lẹ ti sábà máa ń rí ojú ewé tí wọ́n ti ń kọ ọ́.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè yé yín. Àdírẹ́sì olùkọ̀wé méjì ló wà lára ímeèlì kan. Ọ̀kan wà lára àpòòwé: server ló ń kà á, òun ni wọ́n sì ń dá ìwé tó bá kùnà padà sí. Return-Path lorúkọ rẹ̀. Èkejì wà lórí ìwé fúnra rẹ̀, èyí tí ojú ènìyàn ń rí: From. Méjèèjì lè yàtọ̀ síra, bí ẹ bá sì ń lo ìkànnì ìfiránṣẹ́, wọ́n sábà máa ń yàtọ̀. From á jẹ́ domain yín, Return-Path á jẹ́ domain ìkànnì náà.

SPF ni ìlà tó ń dárúkọ àwọn server tó láṣẹ láti kọ̀wé lórúkọ domain kan. Àpẹẹrẹ rẹ̀ rèé:

v=spf1 include:_spf.google.com include:spf.example.net ~all

Ìlà yìí ń sọ pé server Google àti ti example.net láṣẹ, ~all tó wà nípẹ̀kun sì ń sọ pé kí wọ́n fura sí ẹnikẹ́ni mìíràn. Bó bá jẹ́ -all ni, ó ń sọ gbangba pé ẹni mìíràn kò láṣẹ rárá. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ jù níbí. Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó ti ní ìlà SPF kan, tó wá mú ìkànnì tuntun, tó sì lọ kọ ìlà kejì tó tún fi v=spf1 bẹ̀rẹ̀. Domain kan, ìlà SPF kan. Bí wọ́n bá di méjì, àyẹ̀wò náà bàjẹ́, àfi bí ẹni pé kò sí ìkankan. Inú ìlà tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ ti include tuntun bọ̀, ṣáájú ~all. Èkejì ni pé ìlànà SPF kò gbà ju ìbéèrè DNS mẹ́wàá lọ. Include kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìbéèrè kan, àwọn include tó fara pamọ́ sínú include sì wà nínú ìṣirò. Ẹni tó ti dán ìkànnì mẹ́fà wò, tí kò yọ èyí tí kò lò mọ́, lè ti kọjá mẹ́wàá kó má mọ̀.

Èdìdì ni DKIM ní tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ server tó ń fi ìwé ránṣẹ́, òun ló fi ń di ìwé kọ̀ọ̀kan ní èdìdì. Kọ́kọ́rọ́ gbangba tó jẹ́ ìkejì rẹ̀ wà nínú DNS yín. Server tó gba ìwé á fi ti gbangba yẹ èdìdì náà wò: ṣé domain yìí ló dì í, ṣé ẹnikẹ́ni kò sì yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà lójú ọ̀nà? Bí wọ́n bá ní kí ẹ yan gígùn kọ́kọ́rọ́, 2048 bit ni kí ẹ mú, kì í ṣe 1024. Àmọ́ ẹ fojú sí i: okùn ọ̀rọ̀ kan nínú àkọsílẹ̀ TXT, irú ìlà DNS tó ń gba ọ̀rọ̀ lásán, kò lè ju lẹ́tà 255 lọ, kọ́kọ́rọ́ 2048 sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ojú ewé DNS kan ń gé e sí méjì fúnra wọn, àwọn mìíràn ń gé ìdí rẹ̀ sọnù láìsọ̀rọ̀. Bí èdìdì bá kọ̀ tí kò bá a mu lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe ohun gbogbo, ẹ lọ wo ìdí kọ́kọ́rọ́ náà bóyá ó pé.

DMARC ló so gbogbo rẹ̀ mọ́ From tí ojú ń rí. Ohun tó ń béèrè ni pé: domain tí SPF tàbí DKIM jẹ́rìí sí, ṣé òun ló wà nínú From? Kí ọ̀kan nínú méjèèjì bá From mu ti tó. Ẹ wo ìwé kan tí From rẹ̀ jẹ́ iroyin@example.com (ká ní domain yín nìyẹn), tí Return-Path rẹ̀ jẹ́ ti example.net (ìkànnì ìfiránṣẹ́), tí èdìdì DKIM rẹ̀ náà sì jẹ́ ti example.net. SPF yege, nítorí Return-Path ni ó ń wò, example.net sì gba server náà láyè. DKIM yege, nítorí èdìdì example.net pé. DMARC kùnà, nítorí kò sí ẹnì kankan tó jẹ́rìí fún example.com. Ẹni tó rí “pass” méjì á ní òun ti ṣe tán, kò sì ní mọ ìdí tí spam fi ń gbé ìwé òun. Ojútùú rẹ̀ wà nínú ètò ìkànnì ìfiránṣẹ́ yín: ẹ wá ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ fìdí domain yín múlẹ̀. Wọ́n á fún yín ní ìlà bíi méjì tàbí mẹ́ta, CNAME (irú ìlà DNS tó ń tọ́ka sí orúkọ mìíràn) ló sábà máa ń jẹ́, kí ẹ lọ fi sínú DNS. Láti ìgbà náà lọ, orúkọ yín ni èdìdì náà yóò máa jẹ́.

Ìlà DMARC fúnra rẹ̀ kúrú. Orí _dmarc.example.com ló ń wà:

v=DMARC1; p=none; rua=mailto:dmarc@example.com

p=none ń sọ pé kí wọ́n má ṣe ohunkóhun sí ìwé tó bá kùnà, kí wọ́n kàn máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì rua. p=quarantine ní kí wọ́n máa jù ú sínú spam. p=reject ní kí wọ́n kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fò lọ sórí reject lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé-iṣẹ́ tí kò ní ibì kan tó ti gbàgbé tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ lórúkọ rẹ̀: ètò tó ń kọ rísíìtì, fọ́ọ̀mù orí ìkànnì, ètò tí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn ń lò. Ẹ fi none sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ka ìròyìn tó ń wọlé, ẹ tún gbogbo wọn ṣe, kí ẹ tó lọ sí quarantine, kí ẹ tó wá lọ sí reject. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rísíìtì àwọn oníbàárà yín ni yóò kọ́kọ́ pòórá.

Ẹ má sì fi àdírẹ́sì gmail.com tàbí yahoo.com sínú From láti orí ìkànnì ìfiránṣẹ́. Domain yẹn kì í ṣe tiyín, kò sí bí ẹ ṣe lè fi èdìdì rẹ̀ dì í. Yahoo ti gbé DMARC tirẹ̀ sí reject láti oṣù kẹrin ọdún 2014.

Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Gmail àti Yahoo ti sọ àwọn nǹkan yìí di dandan. Ní ti Gmail, ẹni tó bá fi ìwé tó tó 5,000 ránṣẹ́ sáwọn àpótí Gmail láàárín wákàtí 24 ti di olùfiránṣẹ́ ńlá, ó sì gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM àti DMARC. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ nílò láti dé iye yẹn, orúkọ náà kò ní kúrò lára domain yín mọ́. Microsoft náà gbé irú òfin yìí jáde fún Outlook.com àti Hotmail lóṣù karùn-ún ọdún 2025.

Orúkọ tí ẹ ní lọ́dọ̀ wọn

Ẹ̀rí tí a ti ń sọ láti òkè wá kò sọ ìwé yín di ohun tí ènìyàn fẹ́. Àwọn tó ń tan ènìyàn jẹ náà ń ṣe SPF, wọ́n ń ṣe DKIM. Ohun tí ẹ̀rí ń ṣe ni pé ó jẹ́ kí ìwà yín lè lẹ̀ mọ́ orúkọ yín, ìwà náà ni wọ́n sì fi ń dá yín lẹ́jọ́. Bí àwọn ènìyàn bá ń ṣí ìwé yín, tí wọ́n ń tẹ líǹkì inú rẹ̀, tí wọ́n ń dáhùn, tí wọ́n ń yọ ọ́ jáde nínú spam, orúkọ yín ń gòkè. Bí wọ́n bá ń pa á rẹ́ láìkà á, tàbí tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnì tó ń fi sùn pé spam ni, ó ń wálẹ̀.

Ẹ̀sùn yẹn ló wúwo jù. Gmail ní kó má ṣe dé 0.3% láé, kí ẹ sì gbìyànjú kó má ju 0.1% lọ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: nínú ìwé 5,000, ènìyàn márùn-ún ni 0.1%, ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni 0.3%. Kò pọ̀ rárá. Gmail ní ojú ewé ọ̀fẹ́ kan, Postmaster Tools, tí ẹ ti lè rí iye yìí fún domain yín, àmọ́ ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ìwé tó wọ inbox ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀sùn, nítorí ẹni tí ìwé rẹ̀ wà nínú spam kò lè tún tẹ bọ́tìnì spam lé e. Nítorí náà, bí iye náà bá wálẹ̀ di òdo lójijì, tí títẹ líǹkì náà sì wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe ìdáríjì. Gbogbo ìwé yín ti ń lọ sínú spam nìyẹn.

Àkójọ orúkọ ni gbòǹgbò gbogbo èyí. Ẹ má ra àkójọ àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí kò ní wá bọ́tìnì tí yóò fi kúrò nínú àkójọ, bọ́tìnì spam ló máa tẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, pańpẹ́ wà nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Oríṣi kan jẹ́ àdírẹ́sì tí kò sí ẹni tó ni ín rí: wọ́n dẹ ẹ́ sórí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣa àdírẹ́sì jọ, ẹni tó bá kọ̀wé sí i ti jẹ́wọ́ pé òun kò gbàṣẹ. Oríṣi kejì jẹ́ àdírẹ́sì tí ẹnì kan lò nígbà kan rí, tó sì pa tì. Wọ́n á tì í pa, á máa dá ìwé padà fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á tún un ṣí gẹ́gẹ́ bíi pańpẹ́. Ẹni tí kì í yọ àdírẹ́sì tó kú kúrò ni irú yìí ń mú. Spamhaus, tó ti ń ṣọ́ àwọn olùfiránṣẹ́ spam láti ọdún 1998, ń lo pańpẹ́ láti kó orúkọ server àti domain sínú ìwé tí ọ̀pọ̀ server ń wò kí wọ́n tó gba ímeèlì.

Ọ̀nà tó dára jù láti gba àdírẹ́sì ni kí ẹ jẹ́rìí sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni náà kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù, ẹ fi ìwé kan ránṣẹ́ sí i, kò sì wọ àkójọ títí tó fi tẹ líǹkì inú rẹ̀. Àkójọ yín á kéré sí bó ṣe yẹ kó tóbi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ gmial.com dípò gmail.com kò ní wọlé, ẹ̀rọ tó ń kọ àdírẹ́sì àwọn ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni sí fọ́ọ̀mù náà kò ní wọlé.

Ẹ máa ka èsì tí server ń dá padà, kí ẹ má kàn wo iye rẹ̀. 5.1.1 túmọ̀ sí pé àdírẹ́sì náà kò sí: ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má tún dán an wò. 4.2.2 ní àpótí ẹni náà kún: ẹ lè tún gbìyànjú, àmọ́ bó bá kún lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, olúwarẹ̀ ti pa á tì. 5.7.26 láti Gmail ń sọ pé ẹ̀rí tí a sọ lókè kò pé. 4.7.28 ní ẹ ti yára jù, ìwé yín sì ti ń jọ spam: ẹ dẹwọ́, ẹ dín iye kù.

Àwọn tí kò ka ìwé yín mọ́ náà jẹ́ ẹrù. Ẹni tí kò tẹ ohunkóhun fún oṣù mẹ́fà, ẹ kọ ìwé kan sí i pé ṣé ó ṣì fẹ́ máa gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín. Bí kò bá dáhùn, ẹ yọ ọ́. Ó ń dun ni láti pa ìlàjì àkójọ rẹ́, àmọ́ àwọn tí kò kà á ló ń ba orúkọ yín jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ni àpótí ímeèlì, tí ìwé yín kò fi ní dé inbox àwọn tó fẹ́ kà á. Ẹ má fi “ó ṣí i” nìkan díwọ̀n o. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni Apple ti ń ṣí àwòrán inú ìwé sílẹ̀ fúnra rẹ̀ fún àwọn tó bá gbà á láyè nínú Mail, àwòrán kékeré tí a fi ń mọ̀ pé ẹnì kan ṣí ìwé sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò fojú kan ìwé yín á máa jọ ẹni tó ń kà á lójoojúmọ́. Títẹ líǹkì, ìdáhùn àti ọjà tí wọ́n rà ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ lọ lọ

Ibí yìí gan-an ni àwọn oníṣòwò ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn. Wọ́n á fi lẹ́tà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó ní àwọ̀ eérú kọ líǹkì ìyọkúrò sí ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á ní kí ènìyàn wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà kó tó lè kúrò. Ẹni tó ń kánjú kò ní ṣe ìyẹn. Bọ́tìnì spam wà lókè, títẹ̀ kan ni. Ẹni tó bá yọ orúkọ ara rẹ̀ kò ṣe yín ní nǹkan. Ẹni tó bá fi yín sùn ni ẹ ó sanwó rẹ̀.

Gmail àti Yahoo ní kí àwọn olùfiránṣẹ́ ńlá fi ìlà méjì sí orí ìwé ìpolówó kọ̀ọ̀kan, níbi tí ojú ènìyàn kì í dé:

List-Unsubscribe: <https://example.com/kuro/abc123>
List-Unsubscribe-Post: List-Unsubscribe=One-Click

Ìlà yìí ló ń jẹ́ kí bọ́tìnì ìyọkúrò fara hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín nínú Gmail, títẹ̀ kan ṣoṣo sì ti tó. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ìfiránṣẹ́ ń fi í sí i fúnra wọn, àmọ́ ẹni tó ń lo server ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fún yín láti yọ ẹni náà. Ẹ ṣe é lójú ẹsẹ̀.

Domain tuntun kì í sáré

Domain tàbí àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá server mọ̀) tí kò fi ìwé ránṣẹ́ rí kò ní orúkọ kankan, rere tàbí búburú. Bó bá jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìwé 50,000, bí àwọn olè ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn, wọ́n á sì dá a dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí 50 tàbí 100 lójúmọ́, kó jẹ́ àwọn tó tẹ líǹkì yín láìpẹ́ yìí. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀sùn àti èsì 4 kò bá gòkè. Bí wọ́n bá gòkè, ẹ padà sí iye àná, ẹ dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà ń gbà. Ó dáa kí ìwé ìpolówó máa jáde láti orí subdomain tirẹ̀, bíi iroyin.example.com, kí rísíìtì àti ìwé ìtúntò ọ̀rọ̀ aṣínà máa gba ibòmíràn. Bí ìpolówó bá ṣubú, kò ní fa àwọn yòókù lulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ inú ìwé, ẹ̀rù tí àwọn ènìyàn ń bà nípa rẹ̀ pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ bí “ọ̀fẹ́” nìkan kò ní gbé ìwé ẹni tó lórúkọ rere sínú spam. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni líǹkì tí ẹ fi ìkànnì ìgékúrú ọ̀fẹ́ gé, nítorí àwọn oníjìbìtì náà ń lo domain kan náà. Ìwé tó jẹ́ àwòrán ńlá kan ṣoṣo tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Fáìlì tí ẹ so mọ́ ọn. Àti líǹkì sí ìkànnì tí wọ́n ti gbógun tì. Ẹ kíyè sí ìwọ̀n pẹ̀lú: bí HTML ìwé, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi kọ ọ́, bá ju 102 KB lọ, Gmail á gé ìyókù rẹ̀, líǹkì ìyọkúrò tó wà nísàlẹ̀ á sì lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Abala Promotions inú Gmail, tó ti wà láti ọdún 2013, kì í ṣe spam. Apá kan inbox ni, ìpolówó ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹ má fi àkókò ṣòfò láti sá kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti wà nínú spam

Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àpótí Gmail ti ara yín, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì ⋮ (dot mẹ́ta) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì ìdáhùn, kí ẹ yan “Show original”. Lókè ojú ewé tó máa ṣí, ẹ ó rí SPF, DKIM àti DMARC, pẹ̀lú PASS tàbí FAIL níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo domain tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ DKIM: tiyín ni, àbí ti ìkànnì ìfiránṣẹ́? Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, tí domain sì jẹ́ tiyín, ẹ fi DNS sílẹ̀, kò sí àìsàn níbẹ̀. Àkójọ orúkọ yín ló kù.

Ẹ dá ìfiránṣẹ́ sí gbogbo ayé dúró. Ẹ mú àwọn tó tẹ líǹkì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá nìkan, ẹ máa kọ̀wé sí wọn ní iye kan náà, lákòókò kan náà, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí títẹ líǹkì bá ń padà bọ̀, ẹ mú ti ọgọ́ta ọjọ́, lẹ́yìn náà àádọ́rùn-ún. Ẹ má sá lọ ra domain tuntun, nítorí àkójọ kan náà ni yóò ba òun náà jẹ́, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí 50 lójúmọ́. Bí orúkọ yín bá sì wà nínú ìwé Spamhaus tàbí irú rẹ̀, ibi tí ẹ ti lè ní kí wọ́n yọ yín wà lórí ìkànnì wọn. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí pańpẹ́ ti wọ àkójọ yín, kí ẹ yọ gbogbo orúkọ tó gba ibẹ̀ wá, kí ẹ tó kọ̀wé sí wọn. Ẹni tí wọ́n bá yọ, tó tún padà wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò rọrùn fún wọn láti gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.